Ohun tí ẹran òkun ń jẹ ní òkè ayé àti ní ìsàlẹ̀ ayé: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò alásè ọkọ̀

OṢÙ KEJE, SVALBARD

Ọjọ́ Ajé, Longyearbyen

A kó èrò tuntun lónìí. Ìlà 78 ní àríwá ni ìlú yìí wà, ní Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà lókè pátápátá, oòrùn kò sì ní wọ̀ níbí títí di apá ìparí oṣù Kẹjọ. Ilé ìdáná ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí àyè bá ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ rọ́bà tó ń gbé èrò lọ sétíkun, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ bá wọn lọ. Àwọn èrò ń wá wo yìnyín àti béárì. Ní tèmi, ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń fi sẹ́nu ni mo fẹ́ rí, torí oúnjẹ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọkọ̀ wa máa ń wà lókè níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Antarctica nígbà tí òtútù bá gba ibí. Inú ìwé kan náà ni mo máa kọ tòkè-tìsàlẹ̀ sí, kí n lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Kí a tó ṣíkọ̀, àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní kí n bi yín, ṣé béárì funfun ò ní pa gbogbo pẹngúìnì jẹ tán báyìí?" Mo ní kó sọ fún ọmọ náà pé wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Òkè ni béárì wà, ìsàlẹ̀ ni pẹngúìnì wà, gbogbo ayé ló pín wọn níyà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní òkè, apanijẹ kan wà tó ń rìn lórí yìnyín. Ní ìsàlẹ̀, kò sí irú rẹ̀ rárá, ìyẹn nìkan sì ti tó láti yí ìwà gbogbo ẹran tó kù padà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Poolepynten

Òórùn àwọn walrus, ẹran òkun ńlá eléyín gígùn, ti bá wa kí a tó gúnlẹ̀. Etíkun oníyanrìn ni Poolepynten, ní erékùṣù Prins Karls Forland. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbọọrọ síbẹ̀, èyí sùn lé èyí lórí, àgbà inú wọn sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Olùtọ́nà wa tó gbé ìbọn kọ́ èjìká nítorí béárì ní kí a má kọjá ìlà tó fà, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo.

Eyín gígùn méjèèjì ni gbogbo èrò ń ya fọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ walrus kì í fi wọ́n jẹun. Irùngbọ̀n ẹ̀ ni kó o wò. Ó nípọn, ó le, ó tó 400 sí 700 lẹ́nu ẹran kan ṣoṣo. Bí walrus bá sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkun níbi tí ó ṣókùnkùn, irùngbọ̀n yìí ni yóò máa fi tọ ẹrẹ̀ wò títí yóò fi kan àwọn oníkarawun tó sin ara wọn síbẹ̀. Yóò fẹ́ omi lẹ́nu láti ṣí ẹrẹ̀ kúrò, yóò fi ètè di ìkarawun mú, yóò wá fa ahọ́n rẹ̀ sẹ́yìn lójijì. Ẹran inú rẹ̀ á já wọ ọ̀fun, ìkarawun á ṣẹ́ kù lófìfo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni walrus kan lè jẹ kó tó yó. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń bó tí èèyàn bá fi ọbẹ ṣí ìkarawun fún èrò tó pọ̀. Mo dúró wo ẹnu wọn, ó yà mí lẹ́nu gidigidi.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé òkun ibí kò jìn. Òkun Barents tó wà láàárín Svalbard, Norway àti Rọ́ṣíà kò ju nǹkan bíi mítà 230 lọ ní ìpíndọ́gba, ibi tí kò sì tó 100 pọ̀ lẹ́bàá erékùṣù. Walrus kì í sábà sọ̀ kọjá mítà 80. Ewé òkun tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ń hù yanturu nínú omi àti lábẹ́ yìnyín tí ìmọ́lẹ̀ bá padà dé lẹ́yìn òkùnkùn. Àwọn tó wà lókè omi kì í jẹ ẹ́ tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, àwọn tó ń gbé inú ẹrẹ̀ á sì fi bọ́ ara wọn sanra. Oúnjẹ wà nílẹ̀, ọwọ́ sì ń tó o.

Nítorí eyín àti ọ̀rá wọn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa walrus ibí run kí òfin tó dáàbò bò wọ́n ní 1952. Inú mi dùn gan-an pé wọ́n tún ti ń kún etíkun.

Ọjọ́rú, Fuglesongen

Àárín òkúta la jókòó sí, a ò mira. Kò pẹ́ tí ẹyẹ little auk bẹ̀rẹ̀ sí í bà sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ wa. Ẹyẹ dúdú òun funfun ni, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 150 lọ, abẹ́ òkúta ló sì ń yé sí. Ọ̀kan bà síwájú mi, ọ̀fun rẹ̀ wú. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló kó síbẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀hún ni Calanus, ẹ̀dá kékeré kan tó bá edé tan, tí kò gùn ju mílímítà 3 sí 5 lọ. Ó ń jẹ ewé òkun nígbà tó bá pọ̀, ó ń sọ ọ́ di òróró sínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ síbi jíjìn lọ sùn títí òtútù yóò fi rékọjá. Tí wọ́n bá sá Calanus gbẹ, ọ̀rá á ju ìdajì ohun tó kù lọ. Ọ̀rá yìí ni gbogbo òkè ayé fi ń gbára. Little auk kan nílò nǹkan bíi 60,000 Calanus lóòjọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú wọn.

Olùtọ́nà ṣàlàyé ohun kan tó dùn mí. Irú Calanus tó wà nínú omi tútù ibí tóbi, ó sì lọ́ràá ju ìbátan rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé omi Àtìláńtíìkì wá láti ìsàlẹ̀. Bí omi ṣe ń móoru, èyí tó kéré tí kò lọ́ràá ni ń pọ̀ sí i. Ẹyẹ á wá máa fò jìnnà, á máa mú púpọ̀ sí i, kí ọmọ rẹ̀ tó rí ìwọ̀n ọ̀rá kan náà jẹ.

Ọjọ́bọ̀, Monacobreen

Ògiri yìnyín ńlá tó ń wó sínú òkun. Lábẹ́ rẹ̀, omi yìnyín tó ti yọ́ ń ru sókè, ó ń gbé àwọn ẹ̀dá kéékèèké láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè, àwọn ẹyẹ kittiwake sì ti kóra jọ síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń ṣa oúnjẹ. Bí yìnyín bá ya lulẹ̀, gbogbo wọn á fò sókè, wọ́n á tún padà bà.

Séálì onírùngbọ̀n kan sùn lórí òkìtì yìnyín. Òun náà ń jẹ lórí ilẹ̀ òkun bíi ti walrus: oníkarawun, edé, alákàn. Mo ṣọ́ ọ bí ó ṣe ń sùn. Ìgbà díẹ̀ ni ó ń fi orí lélẹ̀, á tún gbé e sókè, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún dùbúlẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Eteetí yìnyín gan-an ló dùbúlẹ̀ sí, kó lè bọ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà bí nǹkan bá dé.

Ìbátan rẹ̀ tó kéré, tí wọ́n ń pè ní ringed seal, ẹja ló ń lé ní tiẹ̀. Ẹja tó sì ṣe pàtàkì jù fún un ni polar cod, ẹja kékeré tó ń fi ihò àti pàlàpálá inú yìnyín ṣe ibi ìsápamọ́, tó ń jẹ Calanus. Omi iyọ̀ ibí lè tutù dé nǹkan bíi òdì 1.9 lórí ìwọ̀n Celsius kí ó tó dì, ẹ̀jẹ̀ ẹja lásán á sì ti dì ṣáájú ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ polar cod ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí yìnyín gbilẹ̀ lára rẹ̀. Mo máa padà sí ọ̀rọ̀ yìí tí a bá dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, létí yìnyín, lókè ìlà 80

Béárì. Òfin ibí ní kí ọkọ̀ má sún mọ́ ọn ju mítà 300 lọ, nítorí náà awò aríran-jìnnà la fi wò ó. Ó ti pa séálì kan, ó ń jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ jẹ ni awọ àti ọ̀rá abẹ́ awọ. Ẹran pupa, tí èmi ì bá kọ́kọ́ gé, òun ló fi sílẹ̀. Ó jẹ ọ̀rá títí, ó fọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nínú yìnyín, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ẹyẹ òkun funfun báláú, ivory gull, ti wà lórí ìyókù kí ó tó jìnnà.

Ọ̀rá ló ń wá torí ọ̀rá ló ń gbé e la ìgbà ebi kọjá. Wàrà tí abo béárì fi ń bọ́ ọmọ ní tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá. Ẹ jẹ́ ká to ọ̀nà tí ọ̀rá yìí gbà dé ẹnu rẹ̀: ewé òkun, Calanus, polar cod, séálì, béárì. Ó ti gba ọwọ́ tó pọ̀ kó tó dé. Àti pé ojú yìnyín ni béárì ti ń rí séálì mú. Bí yìnyín bá tètè yọ́, orí ilẹ̀ ló máa há sí, tí á máa jẹ ẹyin ẹyẹ. Ẹyin kò lè dí àlàfo ọ̀rá séálì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iṣẹ́ pọ̀, n kò jáde.

Ọjọ́ Ajé, Svolvær, erékùṣù Lofoten, Norway

Èrò Svalbard ti sọ̀ kalẹ̀, a ń sọ̀ bọ̀ ní gúúsù. Ní ibí ni mo ti fojú ara mi rí orísun pańla. Igi tí wọ́n to bí àkàbà ńlá lórí àpáta ni wọ́n ń sá ẹja kọ́ọ̀dù sí láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, láìfi iyọ̀ sí i. Atẹ́gùn àti òtútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́. Lónìí igi ti ṣófo, ẹja ti wà ní ilé ìkẹ́rù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń bọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá jù lọ orí rẹ̀.

Òkun Barents ni kọ́ọ̀dù yìí ń gbé. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin ló ń wá yé sí Lofoten. Ẹja kékeré kan, capelin, wà lára ohun tó ń jẹ jù, capelin náà sì ń jẹ Calanus. Gbogbo ẹ̀fọ́ rírò tí ìyá mi fi pańla sí nígbà tí a wà ní kékeré, òróró Calanus wà ní ìdí ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń rà á ní ọjà Òyìngbò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí ní òkè rèé. Calanus àti polar cod ń bọ́ ọ̀pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkun wà níbẹ̀ bí ọ̀nà kejì. Walrus àti séálì onírùngbọ̀n lè jẹun yó láìdúró de ẹja kankan. Narwhal, àbùùbùtán kékeré tó ní eyín gígùn bí ìwo, ń sọ̀ lọ síbi jíjìn lọ mú ẹja halibut. Àbùùbùtán bowhead sì ń la ẹnu gbuuru gba àárín Calanus kọjá. Kálukú ní ibi tó ń gbà.

OṢÙ KEJÌ, ANTARCTICA

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ushuaia

Gúúsù Argentina. A ti kó oúnjẹ wọlé láti àárọ̀. Òfin tí wọ́n kà fún àwa ará ilé ìdáná le ju ti òkè lọ: egungun adìẹ tàbí ìyókù rẹ̀ kankan kò gbọ̀dọ̀ bọ́ sínú omi, nítorí àrùn tó lè ràn mọ́ ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ mú oúnjẹ sọ̀ sí etíkun, ì báà jẹ́ bisikíìtì. A ó máa fi oògùn fọ bàtà kí a tó sọ̀ àti lẹ́yìn tí a bá padà. Èrò tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ̀dọ̀ ju 100 lọ. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, Drake

Òkun Drake yìí tó nǹkan bíi kìlómítà 800 láti Cape Horn, ìparí Gúúsù Amẹ́ríkà, dé erékùṣù South Shetland, ìgbì sì ń gbé wa sókè sódò. A fi okùn de ìkòkò mọ́ ibi ìdáná. Lọ́sàn-án, àwọn tó wà níbi ìtukọ̀ ní ooru omi ti já láti bíi 6 sí bíi 2 lórí ìwọ̀n Celsius. Ibẹ̀ ni omi tútù Antarctica ti ń wọ abẹ́ omi tó móoru jù ú lọ. Odò òkun kan ń yí gbogbo Antarctica po, kò sí ilẹ̀ kankan tó dí i lọ́nà. Òkun òkè, ilẹ̀ ló yí i ká. Òkun ìsàlẹ̀, òun ló yí ilẹ̀ ká. Látibí lọ, ìjọba kírìlì la wọ̀, ẹ̀dá kékeré tó jọ edé tó ń gbé inú omi yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Deception Island

Òkè oníná tó ya ẹnu sí òkun ni, ọkọ̀ sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Àwọn ará Norway kọ́ ilé iṣẹ́ síbí ní 1912 láti máa se ọ̀rá àbùùbùtán. Wọ́n pa á tì ní 1931. Ìkòkò irin wọn tó ti dípẹtà ṣì wà nílẹ̀. Mo fọwọ́ wọn bí ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó láìfara kàn án.

Kí pípa tó bẹ̀rẹ̀, àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù tó wà lágbègbè Antarctica lé ní 200,000. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró, ó ṣẹ́ ku ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kírìlì ni gbogbo wọn ń jẹ, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù lóòjọ́ lẹ́nu ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n ṣe kú tán yẹn, kírìlì á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àbùùbùtán kún fún èròjà irin tí ewé òkun fi ń hù, kírìlì ló sì ń jẹ ewé òkun. Ẹni tó bá pa àbùùbùtán, ó ti mú ajílẹ̀ kúrò lóko. Èyí ló dùn mí jù lára ohun tí mo gbọ́ ní ìrìn-àjò yìí.

Ọjọ́rú, Cuverville

Pẹngúìnì gentoo bo òkè náà láti etí omi dé ibi gíga. Ilẹ̀ pọ́n. Ìgbẹ́ wọn ló pọ́n ọn, nítorí kírìlì tí wọ́n jẹ, àwọ̀ kan náà tó ń pọ́n edé lára.

Mo dúró ní mítà 5 bí òfin ṣe wí. Ìyá kan (tàbí bàbá, èèyàn ò lè dá wọn mọ̀ lójú) gòkè láti inú òkun, ikùn rẹ̀ yọ gàdàgbà. Àwọn ọmọ méjì dìde, ìyẹ́ ọmọdé ṣì wà lára wọn, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Kò fún wọn lóúnjẹ. Ó sáré! Ó sáré gba àárín òkúta, ó yí po, àwọn ọmọ ń ké, ọ̀kan ṣubú, èkejì bá a. Ó yíjú padà, ó la ẹnu, ọmọ ti orí bọ inú ọ̀fun rẹ̀. Mo rí inú ẹnu náà kedere: ahọ́n àti àjà ẹnu kún fún ẹ̀gún kéékèèké tó dojú kọ ọ̀fun, kí ohun tó bá ti wọlé má bàa yọ́ jáde. Kírìlì díẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó lè sáré jù ló jẹ jù.

Ọ̀kan lára kírìlì náà wà nílẹ̀ níbi tí mo ti lè tẹjú mọ́ ọn. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó pọ́n, ó mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń rí inú rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ìfun rẹ̀ ń tàn fún àwọ̀ ewé. Ewé òkun tó jẹ kẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀. Ewé, kírìlì, pẹngúìnì: ìpele mẹ́ta péré, mo sì rí gbogbo rẹ̀ ní ojú kan.

Ọjọ́bọ̀, Gerlache Strait

Àbùùbùtán humpback yí wa ká. Méjì rì, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú omi ní òbìrìkítí, òbìrìkítí náà ń há sí i, lẹ́yìn náà ẹnu méjèèjì yọ láàárín rẹ̀ ní yíyà gbàràmù. Kírìlì ń fò níwájú wọn. Wọ́n pa ẹnu dé, omi ń sẹ́ jáde láàárín àwọn ohun líle bí irun tó so kọ́ sí àgbọ̀n òkè wọn. Omi lọ, kírìlì kù.

Ẹran kan náà wà ní Norway, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún ó ń jẹ ṣáwá àti capelin pẹ̀lú kírìlì. Níbí, kírìlì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Bí oúnjẹ ṣe wà nílẹ̀ ló ń jẹ.

Àwọn tí a rí níbí á lọ bímọ sí etíkun Colombia àti Panama. Ẹbí wọn mìíràn, tó ń jẹun lápá ìlà-oòrùn òkun gúúsù yìí, ló ń wá sí etíkun Benin àti Togo láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá. Àwọn apẹja Kútọnu mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ń fò sókè lójú omi lọ́hùn-ún, agbára káǹkán ló wà nínú ìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun níbẹ̀ rárá. Ọ̀rá kírìlì láti Antarctica ni wọ́n ń ná, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe wàrà fún ọmọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹyẹ kékeré kan bà sórí òkè yìnyín. Ẹnu rẹ̀ dúdú, iwájú orí rẹ̀ funfun. Olùtọ́nà ní Arctic tern ni. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ibí, ẹnu pupa àti orí dúdú ló máa ní lásìkò yìí. Láti òkè ayé ló ti fò wá, tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ á tún padà. Ó ń jẹ ẹja kéékèèké lọ́hùn-ún, ó ń jẹ kírìlì níbí.

Ọjọ́ Ẹtì, Lemaire

Séálì crabeater mẹ́jọ lórí yìnyín kan, gbogbo wọn sùn fọnfọn. Ọkọ̀ rọ́bà wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan la ojú kan, ó tún pa á dé. Àárín yìnyín ni wọ́n sùn sí, wọn ò bìkítà ibi tí etí rẹ̀ wà. Mo rántí séálì Monacobreen tí kò lè sùn dẹ́nu. Ní ìsàlẹ̀ yìí, inú omi ni ewu wà: orca, ẹran òkun dúdú òun funfun tó ń pa séálì jẹ, àti leopard seal, séálì tó ń pa séálì mìíràn àti pẹngúìnì jẹ. Ẹni tó bá ti gòkè sórí yìnyín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àfi tí orca bá fi ìgbì gbá a kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún séálì Weddell nígbà mìíràn.

Crabeater kan yán. Mo rí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ ìka-ìka, tòkè wọ inú tìsàlẹ̀ pátápátá, àyè tóóró ló kù fún omi láti gbà jáde. Kírìlì ló lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀. Ní òkè, séálì ń lé ẹja tàbí ó ń tu ẹrẹ̀. Níbí, ó ti di ẹran tó ń sẹ́ omi bíi ti àbùùbùtán.

Leopard seal wá sí ẹ̀bá wa lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ pẹngúìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọn ọ́n mọ́ ojú omi títí awọ fi bọ́. Ẹranko tó ń dẹ́rù bani ni. Síbẹ̀, nígbà tó lanu, eyín iwájú rẹ̀ ni ti apanijẹ, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì yọ ìka mẹ́ta-mẹ́ta fún sísẹ́ kírìlì. Òun náà ń jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ púpọ̀. Láti pẹngúìnì dé àbùùbùtán, àwo kan náà ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Paradise Bay

Wọ́n sọ kámẹ́rà sísàlẹ̀ omi lónìí. Ilẹ̀ òkun ibí lẹ́wà: àwọn kànrìnkàn òkun, ẹja oníràwọ̀, aláǹtakùn òkun tó fẹ̀ ju ọwọ́ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ olùtọ́nà ìdí tí kò fi sí ẹran bíi walrus tó máa jẹ gbogbo èyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi tí kò jìn ṣọ̀wọ́n níbí. Yìnyín ńlá ti wúwo lé ilẹ̀ yìí lórí títí ó fi rì. Òkun etí ilẹ̀ tó mítà 500 lọ́pọ̀ ibi, àwọn òkè yìnyín tó ń kọjá sì ń ha ilẹ̀ àwọn ibi tí kò jìn. Ẹran tó ní láti máa mí sókè, tó sì ń fẹ́ jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníkarawun, ọ̀nà á jìn jù fún un. Séálì Weddell ń sọ̀ dé mítà 600, ṣùgbọ́n ẹja ńlá àti skwídì ló ń torí rẹ̀ lọ. Ẹyẹ kelp gull nìkan ni mo rí tó ń ṣa oníkarawun létí àpáta.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹja ìsàlẹ̀ yìí náà ní ohun tí kì í jẹ́ kí yìnyín gbilẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti polar cod délẹ̀délẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹja méjèèjì kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Kálukú dá tirẹ̀ ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan nínú tìsàlẹ̀ yìí, icefish, tún wá ní ẹ̀jẹ̀ tí kò pọ́n rárá. Omi tútù yìí kún fún afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè gbé láìní ohun tó ń pọ́n ẹ̀jẹ̀ wa.

Ọjọ́ Ajé, Drake, à ń padà

Olùtọ́nà sọ̀rọ̀ lórí pípa kírìlì lálẹ́ àná, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ fojú bu kírìlì Antarctica sí 300 sí 500 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Èyí tí ọkọ̀ apẹja kó ní 2024 tó nǹkan bíi ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ẹ ò ní rò pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè kan náà ni wọ́n ti ń kó o, ní etí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ àti àwọn erékùṣù tó sún mọ́ ọn, níbi tí pẹngúìnì àti àbùùbùtán ti ń jẹun. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 láti máa ṣọ́ ọ ti fi ìwọ̀n 620,000 tọ́ọ̀nù lélẹ̀ fún apá yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń pa á sì ti gbà láti 2018 láti máa jìnnà sí ibi tí pẹngúìnì ti ń tọ́mọ. Ìyẹn dára. Lójú mi, ó yẹ kó di òfin, kó má jẹ́ pé ó wù wọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é. Walrus lè ṣí ẹrẹ̀ mìíràn. Crabeater kò ní oúnjẹ mìíràn tó ń sá tọ̀, yìnyín tí ọmọ kírìlì ń fá ewé lábẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù sì ti ń dín kù lápá ibí.

Mo bi í pé ta ló ń jẹ kírìlì tí wọ́n kó. Ó ní wọ́n ń fi ṣe oògùn òróró oníhóró fún èèyàn, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ ẹja tí wọ́n ń sìn, pàápàá sámọ́ọ̀nù ní Norway. Mo lọ ṣí fíríìsà. Sámọ́ọ̀nù tí wọ́n sìn ní Norway wà níbẹ̀, páálí lórí páálí.

Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń ra oúnjẹ fún ọkọ̀, pé kí wọ́n bi ẹni tó ń tà á fún wa ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Bí kírìlì bá wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo ẹja tí àwọn apẹja Argentina ń pa. Ọ̀gá wa nílé ìdáná bu ọwọ́ lù ú. A ó dé Ushuaia lówùúrọ̀ ọ̀la, mo sì máa lọ béèrè iye rẹ̀ lọ́jà kí èrò tuntun tó wọlé.